Yíyan Rọ́bọ́ọ̀tì Tí Ń Fọ Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ fún Ilé Tó Wà ní Àkúrẹ́

Rọ́bọ́ọ̀tì tí ń fọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ tí a rọra ń gbé sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, tí yóò máa fi ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀ rìn káàkiri ìsàlẹ̀ adágún, tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdọ̀tí kúrò lára táìlì, tí yóò sì máa fa omi ẹlẹ́gbin gba inú asẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀ kọjá kí ó tó tú u jáde padà. Ó ní pọ́ǹpù tirẹ̀, ó ní asẹ́ tirẹ̀, kò sì gbára lé pọ́ǹpù ńlá tó ń yí omi adágún ká. Lóde òní, onílé tó ní adágún ní Ìjàpọ̀, ní Alágbàkà tàbí ní ọ̀nà Ọbà-Ilé lè jókòó sílé kó fi fóònù rà á, kí wọ́n sì gbé e dé láti Èkó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò ní Àkúrẹ́ lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ilé tí iná kì í lọ, tí ọgbà rẹ̀ kún fún koríko, tí ilé ìtúnṣe sì wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Nítorí náà, ìdọ̀tí tó ń wọ omi yín àti iná tó ń wọ ilé yín ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí iye owó àti ẹwà ẹ̀rọ tó kàn.

Ohun tí ń bọ́ sínú omi

Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ kankan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo omi yín dáadáa. Ẹ wo ohun tó léfòó ní òwúrọ̀, ẹ wo ohun tó rì sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ìka pa ògiri níbi tí ojú omi dé, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń yọ̀ tàbí ó ní ọ̀rá. Ẹ rántí pé ìdọ̀tí yìí kì í rí bákan náà yípo ọdún. Láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ ní agbègbè wa, òjò náà a sì máa gbá erùpẹ̀ pupa wá láti inú ọgbà tí a kò fi sìmẹ́ńtì tẹ́. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ikán abìyẹ́ á rọ́ wá síbi iná tó ń tàn létí adágún, á sì kú sójú omi lọ́pọ̀ yanturu. Òjò yìí kan náà á bomi la kílórìn, èérí aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ ògiri. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi tíìkì tó wà lẹ́yìn ọgbà á bẹ̀rẹ̀ sí wọ́wé, ewé rẹ̀ tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun á máa balẹ̀ sínú omi, ọyẹ́ á sì gbé eruku dé láti aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ìwọ̀n ihò asẹ́ ni yóò sọ èyí tí rọ́bọ́ọ̀tì lè gbé nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn ihò náà. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí ènìyàn sì máa ń nípọn tó nǹkan bí 70. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi, tó wà ní nǹkan bí 150 sí 200, dára fún ewé, kòkòrò àti yanrìn, kì í sì í tètè dí. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré, tó wà ní nǹkan bí 50 sí 60, lè mú erùpẹ̀ tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ewé bá pọ̀ nínú omi, kíá ni yóò dí, ẹ̀rọ náà á sì máa rìn láì fa nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi asẹ́ oríṣi méjì sínú páálí rẹ̀, tàbí èyí tí ẹ lè ra asẹ́ kejì rẹ̀ lọ́tọ̀, ni kí ẹ mú, nítorí pé asẹ́ tí ẹ máa lò lóṣù kẹfà kọ́ ni ẹ máa nílò lóṣù kejìlá.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń yọ asẹ́ náà. Èyí tó rí bí agbọ̀n, tí a ń fà yọ láti òkè, sàn ju èyí tí a ní láti dojú ẹ̀rọ dé kí a tó lè tú àpò tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde máa ń wúwo, ẹni tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò yẹ kó máa bá a wọ̀yá ìjà. Bí igi bá yí adágún yín ká, ẹ wá agbọ̀n tó gba lítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò tó lítà mẹ́ta yóò máa kún kí iṣẹ́ tó dé ìdajì lásìkò tí ewé ń wọ́.

Eruku ọyẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ òtítọ́ nípa rẹ̀ kí ẹ tó náwó, torí pé òun ló máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n rà kò dára. Eruku tó tóbi nínú ohun tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ ti máa ń jábọ́ sí apá Àríwá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó kù, tó ń dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kúnná débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó 20 máíkírọ́ọ̀nù. Bó bá ti gba iwájú asẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbà jáde, omi á sì wà ní àwọ̀ wàrà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Álọ́ọ̀mù ni oògùn rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé rọ́bọ́ọ̀tì kúrò nínú omi, ẹ po álọ́ọ̀mù mọ́ omi nínú báàkẹ́tì, ẹ dà á yí adágún ká, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ńlá yí omi ká fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pa pọ́ǹpù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Eruku náà á so pọ̀, á sì rì wá sí ìsàlẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ọ̀pá àti páìpù rọ́bà fà á jáde díẹ̀díẹ̀ sínú gọ́tà, láì jẹ́ kó gba inú asẹ́ oníyanrìn tó wà lára pọ́ǹpù ńlá kọjá. Bí ẹ bá fi rọ́bọ́ọ̀tì lé e lórí, yóò tún gbogbo rẹ̀ rú sókè, làálàá alẹ́ àná á sì di asán. Álọ́ọ̀mù máa ń fa pH omi, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wálẹ̀, nítorí náà ẹ wọn pH náà kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀.

Ní ti erùpẹ̀ pupa, kò sí rọ́bọ́ọ̀tì tó lè bá àgbàrá díje. Bí omi òjò bá ń ṣàn láti inú ọgbà wọ adágún yín, ẹ gbé etí adágún ga tàbí kí ẹ la gọ́tà yí i ká ná, torí pé owó sìmẹ́ńtì yẹn yóò ṣe yín láǹfààní ju owó ẹ̀rọ lọ. Bákan náà, omi tó ti di aláwọ̀ ewé kì í ṣe iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ mú kílórìn rẹ̀ dé ìwọ̀n tó tọ́, ìyẹn mìlígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan, kí ẹ sì mú pH rẹ̀ wà láàárín 7.2 sí 7.8, nígbà tí omi bá ti mọ́ débi pé ẹ rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere ni ẹ̀rọ tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀

Kọnkéré tí a fi táìlì bò ni ọ̀pọ̀ adágún tó wà nínú ilé níbí. Táìlì dídán yìí ni ó máa ń já àwọn tó ra rọ́bọ́ọ̀tì kulẹ̀, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà líle tó dára fún ògiri tí kò dán kì í rí nǹkan dì mú lára táìlì, pàápàá bí omi bá ti ní ọ̀rá díẹ̀. Yóò gun ògiri dé ìdajì, yóò sì yọ̀ padà wálẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onífóòmù ni ó yẹ táìlì. Fóòmù yìí máa ń le gan-an bó bá gbẹ, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wà nínú omi títí yóò fi rọ̀ kí a tó tan ẹ̀rọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ rárá, a óò sì máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ó tún máa ń jẹ ju rọ́bà lọ, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá òun ní fóòmù mìíràn tí ẹ lè rà pa mọ́. Bí ó bá ní òun kò mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ̀yin náà ti rí ìdáhùn.

Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí bóyá ẹ̀rọ ń fọ ìsàlẹ̀ nìkan, tàbí ìsàlẹ̀ àti ògiri, tàbí ó ń dé ìlà ojú omi pẹ̀lú. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe ra èyí tó ń fọ ìsàlẹ̀ nìkan, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ara ògiri àti ìlà ojú omi ni ìpara, òróró ara àti èérí aláwọ̀ ewé máa ń lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń fọwọ́ fọ adágún ti máa ń ṣe wàhálà jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó èyí tó ń gun ògiri, ẹ wo ibi tí ògiri ti pàdé ìsàlẹ̀ nínú adágún tiyín. Bí ó bá tẹ̀ kọdọrọ, ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti gùn ún. Bí ó bá ní igun gan-an bíi ti yàrá, àwọn ẹ̀rọ kan kò ní lè gbé iwájú wọn sókè níbẹ̀. Àtẹ̀gùn àti apá àwọn ọmọdé tí omi rẹ̀ kò tó ìdajì mítà kì í sì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì lè dé. Ọ̀pá àti búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn ni a óò máa fi fọ ibẹ̀ lọ.

Iná tó wà nílé

Ọ̀rọ̀ iná ni yóò pinnu bóyá ẹ ó ra rọ́bọ́ọ̀tì oníwáyà tàbí oníbátìrì, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ sí i.

Rọ́bọ́ọ̀tì oníwáyà ní àpótí kan tí a ń gbé sí òkè ilẹ̀, tó ń gba iná ilé, ìyẹn fóltì 220 sí 240, tó sì ń sọ ọ́ di iná kékeré, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí fóltì 24 sí 30, kó tó rán an gba inú wáyà lọ sínú omi. Iná tó ń jẹ kò pọ̀ rárá: wáàtì 150 sí 200 ni ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ wáàtì 180, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, iná tó jẹ kò tó ìdajì yúníìtì kan, 0.36 ni. Ẹ fi èyí wé ọ̀pá àti páìpù rọ́bà, tàbí ẹ̀rọ ìfọ̀ àtijọ́ tí a ń so mọ́ ihò tí pọ́ǹpù ńlá fi ń fa omi. Àwọn wọ̀nyí kò lè ṣiṣẹ́ àfi tí pọ́ǹpù ńlá bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù alágbára ẹṣin kan péré sì jẹ́ wáàtì 746 ká tó ka iná tí yóò ṣòfò nínú rẹ̀. Ní wákàtí méjì kan náà, ó ti jẹ yúníìtì kan ààbọ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé pọ́ǹpù, tó sì mọ iye tí à ń ra epo bẹntiróòlù láti ọdún 2023, yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àǹfààní mìíràn wà nínú rẹ̀: ìdọ̀tí tí rọ́bọ́ọ̀tì bá ti kó kò ní dé inú asẹ́ oníyanrìn mọ́, nítorí náà a kò ní máa dà omi nù lemọ́lemọ́ láti fi fọ asẹ́ náà. Ilé tó jẹ́ pé bọ́ọ̀hóòlù ló ń pọn omi rẹ̀ yóò mọyì èyí.

Nítorí pé iná tó ń jẹ kéré, ínfátà tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù nínú ilé lè gbé rọ́bọ́ọ̀tì oníwáyà láì sí wàhálà, pàápàá ilé tó ní sólà, tó lè tan ẹ̀rọ ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn mú. Ínfátà tí iná rẹ̀ jáde ní mímọ́ bíi ti ìjọba ni kí ẹ lò fún un, kì í ṣe irú èyí tó máa ń mú kí fáànù hó. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ti ní ínfátà tàbí sólà ni pé oníwáyà ni kó rà. Agbára rẹ̀ kì í dínkù bí ọjọ́ ṣe ń lọ, kò sí bátìrì tí yóò kú nínú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù.

Ibi tí oníwáyà ti ní ìṣòro ni ilé tó gbára lé iná BEDC nìkan, ní àdúgbò tí iná ti ń wá tó ń lọ. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí ibi tí wọ́n dé; ẹnìkan ní láti padà wá tẹ̀ ẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná tó ń lọ sókè lọ sódò náà sì lè ba àpótí yẹn jẹ́, àpótí yìí sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó wọ́n jù láti pààrọ̀. Bí kò bá sí ínfátà, ẹ fi stabilizer sí i.

Oníbátìrì yàtọ̀. Kò ní wáyà tí yóò lọ́, a lè gbé e sí iná nígbà tí iná bá dé, kí a sì lò ó nígbà tí iná kò sí. Bátìrì lithium tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń gbé e fún wákàtí kan ààbọ̀ sí mẹ́ta, ó sì máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún kó tó kún padà. Fún adágún kékeré, bíi èyí tó gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 4, èyí tó. Fún adágún ńlá tó jìn, bátìrì lè tán kó tó fọ gbogbo ògiri. Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa rẹ̀ ni ọjọ́ iwájú: bátìrì lithium máa ń rẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ooru sì máa ń jẹ́ kó tètè rẹ̀, wọ́n sì ti dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí pa mọ́ omi débi pé oníṣẹ́ tó wà ní ìgboro kò lè ṣí i kí ó sì dí i padà bó ṣe yẹ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó sanwó, bóyá wọ́n ń ta bátìrì náà lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá tà á, ẹ ka iye ọdún bátìrì sí iye ọdún tí ẹ̀rọ náà yóò lò, kí ẹ sì fi ìyẹn díye lé e.

Ìwọ̀n adágún àti gígùn wáyà

Ẹni tó bá ń ra oníwáyà gbọ́dọ̀ fi téèpù wọn adágún rẹ̀ kó tó lọ sọ́jà. Wọ́n máa ń polówó wáyà mítà 15 tàbí 18, ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn adágún nìkan ni wáyà ń rìn. Ó máa rìn láti ibi tí àpótí wà dé etí omi, láti etí omi dé igun tó jìnnà jù, kó sì tún sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí àpótí náà jìnnà sí omi ní ó kéré tán mítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tó sì jìn ní mítà 2 ní apá tó jìn jù. Bí ẹ bá gbé àpótí sí igun kan, igun tó dojú kọ ọ́ lókèèrè jẹ́ nǹkan bí mítà 11.2, ẹ fi 2 àti 3.5 kún un, ó di 16.7, wáyà mítà 15 kò sì ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àpótí kan náà sí àárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́ tó gùn, igun tó jìnnà jù kò ju mítà 7.1 lọ, àpapọ̀ rẹ̀ á di 12.6, mítà 15 á sì tó, á tún ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ibi tí ihò iná wà létí adágún yín lè sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ó rà. Ó lè rọrùn jù láti pe oníná kó fa iná sí àárín ẹ̀gbẹ́ adágún ju láti ra ẹ̀rọ tó wọ́n lọ. Ẹ má ṣe fi ẹsiténṣọ̀n tó wà nílẹ̀ létí omi ṣe é o.

Bí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ ní kó ya àwòrán àkọlé tó wà lára àpótí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kó tó sanwó. Fóltì 120 ni iná ilé wọn níbẹ̀. Bí ó bá kọ 100–240V sí ibi tí iná ń gbà wọlé, kò séwu. Bí ó bá kọ 120V nìkan, iná wa yóò jó àpótí náà lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tàn án, àfi tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí i. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìlú Ọba bá iná tiwa mu, ẹnu wáyà rẹ̀ náà sì bá ihò iná wa mu.

Ohun tí mi ò ní sanwó lé lórí, àti ohun tí mo máa sanwó lé

Wọ́n máa ń fi áàpù orí fóònù gbé ẹ̀rọ wọ̀nyí ga, owó á sì lé. Ẹ mọ̀ pé ìró Wi-Fi àti Bluetooth kì í lè rìn jìnnà nínú omi. Àpótí orí ilẹ̀ ni fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀ bí ó bá jẹ́ oníwáyà, bí ó bá sì jẹ́ oníbátìrì, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ràn mọ́ tí wọ́n bá ti rì. Bọ́tìnnì kan tó ń tan ẹ̀rọ, tó sì jẹ́ kí a lè yan ìsàlẹ̀ tàbí ògiri, tó fún iṣẹ́ ilé.

Ohun tí mo máa fi owó yẹn rà ni ọgbọ́n ìrìn. Ẹ̀rọ tí kò ní í yóò máa kọlu ògiri, yóò yí padà bó bá ṣe yà á lára, ó sì lè fọ ibì kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó má sì dé igun kan rárá. Èyí tó ní gyroscope nínú mọ ibi tó dojú kọ, ó ń rìn ní ìlà títọ́, ó sì ń parí iṣẹ́ kíákíá. Bí adágún yín bá tẹ̀ bí kíndìnrín dípò kó ní igun mẹ́rin, èyí ṣe pàtàkì gan-an. Bí ó bá sì jẹ́ oníwáyà, ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú ẹ̀rọ bóyá oríkèé tó lè yí wà níbẹ̀, torí pé wáyà tí kò ní oríkèé yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀ títí ẹ̀rọ kò fi ní lè rìn.

Mo tún máa sanwó lé ìtọ́jú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Dolphin, Maytronics ní Ísírẹ́lì, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 1983, nítorí náà ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wọn kò ṣòro rí lágbàáyé. Zodiac àti Polaris náà ti pẹ́ lọ́jà. Àwọn orúkọ tuntun bíi Aiper, tí wọ́n gbajúmọ̀ fún oníbátìrì, sábà máa ń dínwó ju tiwọn lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ nínú wọn, ẹ bèèrè ta ni yóò gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ yín bó bá bàjẹ́, ìlú wo ni ẹni náà wà, ta ni yóò sì san owó ọkọ̀. Ìwé ìdánilójú ọdún méjì tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n ti lè lò ó kò ṣe ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ ní àǹfààní kankan.

Ọjà tòkunbọ̀ wà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Kí ẹ tó gbà á, ẹ fi ọwọ́ pa wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ wá ibi tó ti là tàbí tí wọ́n fi téèpù dì. Wáyà tí wọ́n ti dì kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Ẹ wo ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ sì yí fáànù kékeré tó wà lókè rẹ̀ bóyá irun tàbí okùn ti lọ́ mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò mọ ohun tó ń tà. Omi ló ń mú kí inú pọ́ǹpù rẹ̀ tutù, bó bá ṣiṣẹ́ láìsí omi, ohun tó ń dí omi lọ́nà sí ẹ́ńjìnnì á jó.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó gbé e wá sílé, kó sọ ọ́ sínú omi yín kí ẹ tó san gbogbo owó. Ẹ wò ó fún ìdajì wákàtí. Ẹ wò bóyá ó gun táìlì tiyín dé ojú omi, bóyá ihò omi tó wà ní ìsàlẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀, bóyá ó jáde kúrò létí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ asẹ́ rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ sínú báàkẹ́tì funfun, ẹ ó sì rí ohun tó kó pẹ̀lú ojú ara yín.

Lílò rẹ̀ nígbà tó bá dé

Ẹni tó ti ń bá yín fọ adágún tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́ ní ìlò rẹ̀, kí ẹ má sì lé e lọ. Rọ́bọ́ọ̀tì kò lè wọn kílórìn, kò lè fi àwọ̀n kó ikán tó léfòó, kò sì lè mọ̀ pé pọ́ǹpù ńlá ti ń pariwo. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó fún iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá da kílórìn púpọ̀ sínú omi, ẹ má fi sínú rẹ̀, ẹ dúró títí ìwọ̀n kílórìn yóò fi wálẹ̀, torí pé kílórìn tó pọ̀ jù máa ń jẹ rọ́bà àti fóòmù rẹ̀.

Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú omi nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì bá wà lórí iná, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni ọmọdé kan fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Ẹ ní kí oníná fi bírékà tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò sára ọ̀nà tó ń gbé iná wá síbẹ̀. Kí àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé, lórí nǹkan tó ga kúrò nílẹ̀, níbi tí òjò àti oòrùn kò ti ní bà á. Bó bá parí iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ iná, ẹ rọra fi wáyà fà á wá sí etí omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e jáde, kí ẹ sì dá a dúró létí adágún títí omi inú rẹ̀ yóò fi jò tán. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan asẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìdọ̀tí má baà gbẹ mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tú wáyà rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ nínú oòrùn kí ó nà, kí ẹ tó ká a ní róbótó ńlá padà. Bí ó bá jẹ́ oníbátìrì, ẹ nu ihò tí a fi ń gba iná títí yóò fi gbẹ pátápátá, kí ẹ gbé e sí iná níbi tó tutù, tí ẹnìkan wà nítòsí, kí ẹ sì yọ ọ́ bó bá ti kún.